Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Bàbá Ọ̀gáníìsì

Bàbá mi àgbà ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láyé yìí àfi Ọlọ́run, síbẹ̀ tó bá ń gbàdúrà, ojú kan ṣoṣo ló máa ń di. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi la ojú kan sílẹ̀?"

Ó ní, "Mo ti di ọ̀kan fún Ọlọ́run. Èyí tó kù, ẹ̀yin ni mo fi ń ṣọ́."

Ẹ má fojú ọ̀mọ̀wé wo èmi tí mò ń kọ èyí o. Sítáńdààdì Mẹ́ta ni mo dé, èmi àti tíṣà jọ gbà pé ó tó. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fi máa dé, mo ti hu irùngbọ̀n. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe ní Iléṣà. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti rọ̀ jọwọlọ, ẹ kà á sí táyà tó jò, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti lọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni nígbà tó kú, òmìnira ò tíì dé. Mo pa ẹnu mọ́ láti ìgbà náà, nítorí àwọn tó lè bínú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà láyé. Wọ́n ti kú tán báyìí. Mo rò bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń wẹ̀yìn.

Mi ò lè sọ ìtàn ayé Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí òun fúnra rẹ̀ ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí i, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yín bóyá ẹnìkan tẹ̀ lé yín wá, á wá ní, "Ta ló rán ẹ?" Èyí tí mo mọ̀ ni díẹ̀díẹ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ò fura, ìgbà bẹ́ẹ̀ ò sì wọ́pọ̀.

Ọmọ Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni. Ọlọ́ṣun ni ìyá rẹ̀, tinútòde. Bàbá ṣì wà ní ọ̀dọ́ nígbà tí òyìnbó míṣọ́nnárì kan gbé ògánì wá sí ìlú, irú èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, tí ọwọ́ á sì máa tẹ̀ ẹ́ lókè. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ilé sú u. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orin nínú ìwé. Ó kọ́ orin àwọn òyìnbó ayé àtijọ́, àwọn tí wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ṣe ìdánwò orin tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ó yege. Ó gba ìrìbọmi, ó sì yọ Ọ̀ṣun kúrò nínú orúkọ rẹ̀: Ọ̀ṣúnyẹmí di Olúyẹmí. Ìjọ wa ní Iléṣà ní kó wá máa tẹ ògánì fún àwọn. Ó wá, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó darúgbó síbẹ̀. Gbogbo ìlú ń pè é ní Bàbá Ọ̀gáníìsì. Àmọ́ tí ìjà bá dé báyìí, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ará Òṣogbo yìí!"

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò wá tíì di ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni?"

Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá ṣi orin tẹ̀ ni wà á mọ ìlú tí mo ti wá."

Kò ṣi orin tẹ̀. Orin rẹ̀ ni nǹkan kan ṣoṣo tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ìsìn bá parí, táwọn èèyàn ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, á máa tẹ orin àwọn òyìnbó tó ti kú yẹn lọ, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀. Ohùn kan á sáré lọ, ohùn kejì á máa lé e, ẹ̀kẹta á yọ láti ẹ̀yìn bí ẹni pé ó ti ń ṣọ́ wọn tipẹ́. Mo máa ń rò ó pé ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn rẹ̀. Orin ìfura gbáà ni.

Ní ọ̀sán Sátidé ló máa ń kọ́ àwọn akọrin. Tírébù wà, áótò wà, tẹ́nọ̀ wà, bàsì wà, kò sì sí èyí tó fọkàn tán nínú wọn. Àwọn tẹ́nọ̀ ló burú jù lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dá orin dúró lójijì, ó ní, "Ẹnìkan ń parọ́ láàrin yín." Ó ní kí wọ́n tún un kọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ níwájú wọn, ó ń gbé etí sí ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ ìkòkò wò bóyá ó sán. Ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìjọ. Oníṣòwò aṣọ pàtàkì ni Bàbá Ìjọ, òun ni olórí àwọn àgbààgbà ìjọ wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Ẹnu Bàbá Ìjọ ń ṣí, ẹnu rẹ̀ ń pa dé, kò sí nǹkan tó ń jáde níbẹ̀.

Bàbá ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀? Mò ń kọ ọ́ nínú ni."

Àwọn tírébù ti ń fi ìwé orin bo ẹnu. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọlọ́run ló ń gbọ́ tinú. Èmi, etí ni mo ní."

Bàbá Ìjọ ò dárí ọ̀rọ̀ yẹn jì í láéláé. Ẹ fi í sọ́kàn.

Èmi náà ní mo fẹ́ kọ́ ògánì. Mo ti ń gba iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ nígbà náà, ọwọ́ mi sì le bí pẹ́dà. Bàbá ò jẹ́ kí n dé ìdí ògánì. Kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan dé ibẹ̀. Ó ní pákó gbọọrọ kan nílé tó fi ọ̀dà funfun àti dúdú ya eyín ògánì sí, orí rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó kọ́ ti kọ́ iṣẹ́. Mo tẹ pákó yẹn títí, òógùn bò mí. Mo ní, "Bàbá, kò mà dún."

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kó dún ni? Kò dún yìí gan-an, mò ń gbọ́ àṣìṣe ẹ."

Nígbà tí mo fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ṣàlàyé nǹkan fún mi, ohun tí kì í ṣe. Ó ní àwọn funfun àti dúdú tí à ń tẹ̀, pé eyín lásán ni wọ́n. Lábẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan nínú àpótí, ahọ́n idẹ pẹlẹbẹ kan wà, kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Afẹ́fẹ́ á gbọ̀n ọ́n, á sì dún. Ó ní, "Eyín ni gbogbo yín ń rí. Ahọ́n ló ń kọrin."

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti kọ́kọ́rọ́. Nígbà ogun òyìnbó kejì, ahọ́n kan kú nínú ògánì wa. Ti dò àárín ni, èyí tí gbogbo orin máa ń padà sí. Bàbá á tẹ orin lọ geere, tó bá débẹ̀, fíì, afẹ́fẹ́ lásán. Ọkọ̀ ojú omi ò kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá mọ́ nítorí ogun. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá Bàbá kú ní Òṣogbo. Ó lọ sin ín. Ó dé, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ra rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ń gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ìgbà tí eku ń jẹ pákó. Nígbà tó di Sọ́ńdè, dò àárín dún. Kò dún bíi ti àtijọ́. Ó há díẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó dà bí ohùn ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìyá míì máa ń nu ojú tó bá ti dé ibẹ̀. Ọjọ́ náà la sì rí i pé Bàbá ti fi àgádágodo ti àpótí ògánì náà lẹ́yìn, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ òrùka idẹ ńlá kan, ó fi okùn gbé e kọ́rùn. Kò bọ́ ọ mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ tó kú.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ ọlọ́ṣun lọ sí Òṣogbo, ó dé, nǹkan tó ti kú jí, ó sì fi àgádágodo tì í. Kí lẹ rò pé àwọn èèyàn á sọ? Wọ́n ní ó lọ gbé nǹkan wá. Wọ́n ní nǹkan náà ló ń pa àwọn ìyá lẹ́kún. Bàbá Ìjọ ló ń sọ ọ́ jù.

Tíṣà Délé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó mọ ògánì tẹ̀ díẹ̀, fi ọgbọ́n lọ bá Bàbá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, dò àárín yìí há. Ẹ jẹ́ n bá yín ṣí i wò."

Bàbá wò ó láti orí dé bàtà. Ó ní, "Ohùn tìẹ náà há. Ṣé ẹnìkan ti ní kí o la àyà ẹ ká wò ó?"

Ilé náà ò rọgbọ. Bàbá ní àbúrò kan, Ìyá Omítóyìn, tí kò kúrò nídìí Ọ̀ṣun ní tiẹ̀. Ìyá wọn fi ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ méjì sílẹ̀, wọ́n fẹ̀, wọ́n fín ìpẹ́ ẹja sí i lára yíká. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ òsì Ìyá Omítóyìn. Ìkejì ò sí mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ọdọọdún ni ìyá náà ń ti Òṣogbo wá béèrè rẹ̀. Á jókòó nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò ní jẹ oúnjẹ wa, kò ní mu omi wa. Omi tirẹ̀ ló ń gbé wá nínú ìgò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbà Ìyá dà?"

"Ó wà."

"Ó wà níbo?"

"Ó wà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ ti jù ú sí ṣáláńgá! Àwọn onígbàgbọ́ yín ló ní kẹ́ ẹ jù ú!"

"Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, o ní ṣáláńgá. Kí lo tún ń bi mí sí?"

"Iṣẹ́ wo ni ẹ̀gbà ń ṣe tí kò sí lọ́wọ́ èèyàn?" Á wá kọjú sí mi. "Ìwọ onítáyà, ṣé o rí i nílé yìí?"

"Rárá o, Màmá."

"Ìwọ náà, ojú ẹ ò jọ ojú ẹni tó ń sọ òótọ́."

Kì í ṣe èmi ni mo fún ara mi lójú yìí, àwọn méjèèjì ni mo fi jọ. Nígbà tó bá fẹ́ lọ, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sọ ọ̀rọ̀ kan náà tó ń sọ lọ́dọọdún: "Ọjọ́ tí mo bá rí ẹ̀gbà Ìyá ni mo máa jẹun nílé yìí."

Bàbá kú ní ìgbà ọyẹ́, ní ọ̀sán, lórí àga rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ló bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, tó kó o sí mi lọ́wọ́ tòun ti òrùka rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ta ni kí n fún?"

"Má fún ẹnikẹ́ni."

"Bàbá Ìjọ ńkọ́?"

"Pàápàá òun." Ó mí díẹ̀. "Ìwọ náà, mi ò gbà ẹ́ gbọ́. Àmọ́ ọwọ́ ẹ mọ irin."

Òkú ò tíì tutù tí Bàbá Ìjọ àti àwọn àgbààgbà fi dé. Wọ́n kí wa kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà tó gùn. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, Bàbá Ìjọ ní, "Ẹ̀yin ọmọ, a fẹ́ ṣí ògánì wò kí a tó sin Bàbá. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, a ó sin ín bí ẹni ńlá. Tí a bá bá nǹkan Òṣogbo níbẹ̀, òkú yìí ò ní wọ ulé Ọlọ́run. Kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá gbé e."

Tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá sọ pé "ulé" báyìí dípò ilé, Bàbá á rọra tún un sọ lábẹ́ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tún un sọ.

Ẹ̀rù bà mí. Bàbá tó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí ògánì yẹn, wọ́n fẹ́ lé òkú rẹ̀ jáde nítorí rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé èmi gan-an rò pé nǹkan wà níbẹ̀. Ta ló ń fi àgádágodo ti ibi òfìfo? Tí mo bá ní mi ò fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n á ní a ti rí nǹkan. Mo ní Bàbá ní kí n má fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà mi ò ní fún wọn, èmi fúnra mi ni mo máa ṣí i.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì la dé ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà Délé náà bá wa lọ. Mo ṣí àgádágodo, mo mú súpánà jáde, mo tú pákó ẹ̀yìn. Nǹkan kan já bọ́ láti inú rẹ̀. Àwọn àgbààgbà fò sẹ́yìn, ọ̀kan pariwo Jésù.

Bàbá Ìjọ na ìka. "Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i? Kí nìyẹn?"

Tíṣà Délé bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ọmọńlé ni, sà. Ó ti gbẹ."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Mo rò pé òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, sà."

Mo yọ pákó kejì. Àwọn ahọ́n idẹ tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ti di dúdú. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìyẹ́, kò sí nǹkan kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dúpẹ́ ni Tíṣà Délé ní, "Èyí yàtọ̀ o."

Abẹ́ dò àárín ló nawọ́ sí. Ahọ́n ibẹ̀ pọ́n ju àwọn tó kù lọ, ó nípọn nídìí. Mo mọ ojú fáìlì, òun ni mo fi ń fá irin lójoojúmọ́. Fáìlì ni wọ́n fi fá ahọ́n yẹn títí tó fi fẹ́lẹ́ lẹ́nu, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìpẹ́ ẹja wà lára ìdí náà. Mo wo òrùka idẹ tí kọ́kọ́rọ́ so mọ́, èyí tí gbogbo ìjọ ti ń rí lọ́rùn Bàbá láti ìgbà ogun. Ìpẹ́ ẹja ló wà lára rẹ̀ yíká, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́ nítorí bó ṣe ń fara ra àyà Bàbá. Wọ́n gé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó kéré.

Ẹ̀gbà Ìyá ni. Ó ń ṣiṣẹ́.

Gbogbo ìjọ Iléṣà, láti ìgbà ogun, orí idẹ Ọlọ́ṣun ni wọ́n ti ń kọrin sí Jésù. Òótọ́ ni ìfura Bàbá Ìjọ. Mo pa ọwọ́ dé mọ́ òrùka.

Bàbá Ìjọ ti tẹ orí ba. "Kí nìyí?"

Mo ní, "Idẹ ni, sà. Gbogbo wọn ni idẹ."

"Kí ni wọ́n fín sí i lára, mo ní?"

"Sítáńdààdì Mẹ́ta ni mo dé, sà. Kí ni mo lè kà?"

Ó wò mí. Ó wo ọwọ́ mi tí mo pa dé, okùn kọ́kọ́rọ́ ń jáde láàrin ìka mi. Ó tún wo ahọ́n náà. Ó wá ní kí Tíṣà Délé lọ síwájú, kó tẹ̀ ẹ́. Tíṣà fẹsẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó tẹ dò àárín, ohùn olómi yẹn sì jáde, ó le ju bí a ṣe ń gbọ́ ọ lọ nítorí pákó ò sí níbẹ̀. Ara pákó tí mo gbé ọwọ́ lé ń gbọ̀n. Bàbá Ìjọ la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ kọ tẹ́nọ̀, ó tún pa á dé.

Títí di òní mi ò mọ ohun tó rí. Mo ti rò ó títí. Gbogbo ohun tó sọ ni pé, "Tì í padà. Eruku ń wọ̀ ọ́."

Wọ́n sin Bàbá bí ẹni ńlá. Tíṣà Délé ló tẹ ògánì. Ìyá Omítóyìn wá láti Òṣogbo, kò wọlé, ó dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìgò omi rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jáde lọ bá a. Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé dò àárín, ìyá náà gbé orí sókè.

"Ta ló ń sunkún nínú àpótí yẹn?"

Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò, mo fi òrùka náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó yí i. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ìpẹ́ ẹja ń wo ìpẹ́ ẹja. Mo rọra sọ fún un pé, "Ìyókù wà nínú ògánì, Màmá. Òun lẹ ń gbọ́ yẹn."

Gbogbo ìgbà tí ohùn yẹn bá ti dún, á fi òrùka kan ẹ̀gbà rẹ̀, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín nínú ilé, ó ní, "Ó sọ fún mi pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní ṣáláńgá."

A padà sílé. Wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri, ẹnikẹ́ni ò gbé e dé iwájú Ìyá Omítóyìn nítorí gbogbo ilé ló mọ̀ pé kì í jẹ. Ó wò wá títí. Ó pariwo sí mi pé, "Ìwọ onítáyà! Ṣé èmi nìkan ni wọn ò ní bu oúnjẹ fún nílé ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Mo gbé iyán fún un, mo gbé ọbẹ̀ ka iwájú rẹ̀. Ó fọwọ́. Ó di ojú kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà sí Ọ̀ṣun lábẹ́ẹ́lẹ̀. Ó fi ojú kejì ṣọ́ ọbẹ̀ náà, ó ṣọ́ èmi náà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bu òkèlè.